Ṣé Mo Lè Fi Kàádì Àwìn Báńkì Náwó ní Mọ́kà?

Ìbéèrè: Àsàláàmù àléékúmù, Àáfà wa. Aláró ni mí, mo sì ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Mo ń múra Ùmúrà lọ́wọ́. Báńkì mi ní àwọn á fún mi ní kàádì àwìn tí mo lè fi náwó lókè òkun, àti pé bí mo bá san gbèsè rẹ̀ tán kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, n kò ní san èlé. Ọmọ mi ní kò séwu níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Fìà ní gbogbo kàádì tí wọ́n bá kọ Visa tàbí Mastercard sí lára ni èèwọ̀. Mo tún fẹ́ fi ra góòlù díẹ̀ bọ̀. Kí ni ẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wà àléékúmù sàláàmù, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun gba Ùmúrà náà lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ẹ̀sìn ń wò ni ẹni tó ni owó tí ẹ ń ná àti àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí; orúkọ ara kàádì kò sí níbẹ̀. Visa àti Mastercard fúnra wọn kì í yá ẹnikẹ́ni lówó. Bí ẹ bá fi kàádì kan POS ní ìsọ̀ kan ní Mọ́kà, báńkì onísọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Báńkì yẹn á gba ojú ọ̀nà Visa tàbí Mastercard bi báńkì yín ní Nàìjíríà léèrè bóyá owó wà, èsì á ti dé kí ẹ tó di ọjà yín tán, owó gan-an á sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Alárinà ni wọ́n, owó iṣẹ́ ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀rẹ́ yín ti há ẹ̀sìn mọ́ ènìyàn ju bó ti yẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe lásán.

Ìtàn kàádì yìí ló fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ hàn. Ní 1950, Frank McNamara àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é dá Diners Club sílẹ̀ ní New York. Páálí ni kàádì ìgbà náà. Oníkàádì á jẹun ní ilé oúnjẹ láìsan kọ́bọ̀, Diners Club á san án fún olóúnjẹ lẹ́yìn tó bá ti yọ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, oníkàádì á sì san gbogbo gbèsè rẹ̀ lópin oṣù. Àwìn tí a mọ̀ nìyẹn, àfi pé onígbọ̀wọ́ kan dúró láàrin. Oṣù Kẹsàn-án 1958 ni nǹkan yí padà, nígbà tí Bank of America fi kàádì BankAmericard bí 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará Fresno ní California láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Àdéhùn ti kàádì yìí ni pé ẹni tí kò bá lè san tán lópin oṣù lè máa san díẹ̀díẹ̀, kí èlé sì máa gun èyí tó kù. Sọgúndogójì tí àwọn bàbá wa ń sá fún gan-an nìyí, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun ni. Kàádì yẹn ló di Visa ní 1976. Ẹgbẹ́ àwọn báńkì tó kóra jọ ní 1966 láti bá a du ọjà ló sì ń jẹ́ MasterCard láti 1979.

Irú ti 1958 yìí ni báńkì fi ń lọ̀ yín. Ẹ ní ẹ ó san án kí ọjọ́ tó pé, mo sì gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba kàádì náà, ẹ ó ti fọwọ́ sí i pé bí ẹ bá pẹ́, ẹ ó san èlé. Àjọ àwọn onímímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti OIC, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, jíròrò rẹ̀ ní Riyadh ní 2000, wọ́n sì pinnu pé kàádì tí owó oníkàádì kò sí lẹ́yìn rẹ̀, tí àdéhùn èlé sì wà nínú ìwé rẹ̀, kò tọ́ láti gbà tàbí láti lò, kódà kí ẹni náà ní in lọ́kàn láti san ṣáájú ọjọ́. Mo mọ̀ pé àwọn onímímọ̀ kan fàyè gbà á fún ẹni tí ọ̀ràn ká mọ́, tó sì dá ara rẹ̀ lójú. Ọ̀ràn kò ká yín mọ́, ìyá wa. Ẹ lówó lọ́wọ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣẹ́bi lé ẹni tó ń jẹ èlé àti ẹni tó ń san án, bẹ́ẹ̀ ni Ìmáàmù Muslim tó kó hádíìsì jọ gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Jábìr, sàhábà Ànábì.

Ẹ ṣí àkántì dọ́là, kí ẹ fi owó yín sí i, kí ẹ sì gba kàádì tó ń yọ owó láti inú rẹ̀. Kàádì tí ènìyàn ń kọ́kọ́ kówó sí náà dára. N kò ní ní kí ẹ gbójú lé kàádì náírà nìkan: ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tó lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, kí wọ́n tó dá a dúró pátápátá fún ìgbà kan.

Ní ti góòlù, ọwọ́-dọ́wọ́ ni Ànábì ní kí a máa fi owó àti wúrà ṣe pàṣípààrọ̀. Ìpinnu Riyadh yẹn náà ló ka ríra góòlù àti fàdákà lórí àwìn kàádì léèwọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó yín ló wà lẹ́yìn kàádì, àjọ kan náà gbà á láàyè ní Muscat ní 2004.

Ohun kan kù tí mo fi owó ara mi kọ́. Mo ra dàbínù ní Mẹ́dínà, POS sì bi mí bóyá kó yọ ọ́ ní ríyàlì tàbí ní dọ́là. Mo tẹ dọ́là nítorí òun ni mo lè kà. Iye tí ẹ̀rọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ fi ṣẹ́ owó náà wọ́n ju ti báńkì mi lọ. Èyí kì í ṣe èlé, àìmọ̀ mi ni. Ríyàlì ni kí ẹ máa tẹ̀.

Bí wọ́n bá ti fún yín ní ìwé kàádì àwìn náà, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ mú un wá sí mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Àsàrí, kí a jọ ka ibi tí wọ́n kọ èlé sí; lẹ́tà ibẹ̀ máa ń kéré, ẹ rántí awò ojú yín.