Ṣé kí a fọ aṣọ ọmọ tí wọ́n jí gbé?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Ní 2015 ni wọ́n jí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé lọ́nà ọjà, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Fìlà rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti òòyà rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Àwọn àgbà ilé ní kí a fọ aṣọ náà, kí a fi tọrẹ. Ṣé ó tún lè wúlò fún àwọn ọlọ́pàá?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi tọrẹ. Ìfiwéra ni iṣẹ́ wa lórí ọ̀ràn tó ti pẹ́: bí a bá rí ọmọ kan tí wọ́n gbé lọ ní kékeré tí kò sì mọ orúkọ ilé rẹ̀ mọ́, tàbí tí a rí egungun nínú igbó, àfi kí DNA rẹ̀ (àmì àjogúnbá inú ara tí ọmọ ń gbà láti ọ̀dọ̀ òbí) bá ti ẹbí kan mu kí a tó mọ ẹni tó jẹ́. Irun tó há sí òòyà yẹn àti òógùn inú fìlà náà lè jẹ́ ohun tí a ó fi wé e. Bí àwọn ọmọ mìíràn bá ti lo òòyà náà, ẹ sọ ọ́ fún àwọn aṣèwádìí láìfi pamọ́.

Oríṣi DNA kan tún wà tí ọmọ ń gbà láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan, tí a lè rí lára irun tí kò ní ìdí àti lára egungun tó ti gbó. Nítorí náà, ìyá ọmọ náà tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ lè fi itọ́ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí. Ọbàkan rẹ̀ kò lè rọ́pò wọn.

Ọdún tó ti kọjá kò gbọdọ̀ mú yín sọ̀rètí nù. Ní January 1989, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12, ó sì tú u sílẹ̀. Ní October ọdún yẹn, wọ́n gbé Jacob Wetterling, ọmọ ọdún 11, ní ìlú kan nítòsí ibẹ̀. Aṣọ ọmọ àkọ́kọ́ wà ní ìpamọ́ fún ọdún 26, títí àyẹ̀wò DNA fi tọ́ka sí ọkùnrin náà ní 2015. DNA yẹn kò sọ ibi tí Jacob wà, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí wọ́n lè tú ilé ọkùnrin náà wò; ní 2016 ó jẹ́wọ́, ó sì mú wọn dé ibi tó sin ọmọ náà sí. Ìròyìn ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ mọ òtítọ́.

Ẹ fi ọwọ́ mímọ́ tàbí ìbọ̀wọ́ kó ẹrù náà, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé tirẹ̀. Ẹ má lo ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin tó bá há sínú rẹ̀ ń ba DNA jẹ́. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ kàn án àti ọjọ́ tó fọwọ́ kàn án, torí pé agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò bèèrè. Bí ẹ bá ń kó o lọ fún ọlọ́pàá, ẹ gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín. Bó bá sì jẹ́ àwọn jàndámù (sójà tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá) ni ẹ fẹjọ́ sùn nígbà náà, ẹ rántí pé ní 2018 ni ìjọba Benin pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá. Ẹ bèèrè ibi tí ìwé ẹjọ́ yín wà nísinsìnyí kí ẹ tó kó ẹrù kankan jáde nílé.