Ẹ Bi Wá: Ògiri Òkúta Tó Ń Làágùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oko àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta kọ́ là ń gbé ní Yorkshire Dales, ní England. Ní ọdún 2 sẹ́yìn, bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì dí àárín àwọn òkúta níta. Látìgbà náà ni ògiri ti ń làágùn nínú, tí ojú òkúta sì ń ré bí ìpẹ́ níta. Wọ́n ní ká lu ihò sídìí ògiri, ká rọ kẹ́míkà tó ń dí omi sí i. Ṣé ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà. Ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ nípọn tó 50 sí 60 sẹ̀ǹtímítà: òkúta níta, òkúta nínú, àfọ́kù òkúta láàárín. Kẹ́míkà kò lè tàn dọ́gba nínú àfọ́kù yẹn.

Sìmẹ́ńtì yẹn gan-an ni ọ̀ràn náà. Láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí látinú òkúta ẹfun tí wọ́n sun, ni wọ́n fi mọ ilé náà, ibẹ̀ sì ni omi òjò tó bá wọ ògiri ń gbà gbẹ jáde. Sìmẹ́ńtì dí ọ̀nà yẹn, omi wá ń gba inú òkúta fúnra rẹ̀. Tó bá di yìnyín lásìkò òtútù, á wú, á sì ti ojú òkúta jábọ́. Ẹni tó bá ti rí ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nílé á ti rí ìbátan rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé náà wà nínú àkọsílẹ̀ Historic England, àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ aláṣẹ ilé kíkọ́ àdúgbò yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti yí i padà láìgbàṣẹ.

Òòlù àti ṣísẹ́lì ni kí wọ́n fi yọ sìmẹ́ńtì. Ẹ̀rọ tó ń yí máa ń gé etí òkúta. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ wọlé ní ìlọ́po 2 fífẹ̀ àlàfo náà, ó kéré tán mìlímítà 25. Kí wọ́n gbá eruku, kí wọ́n wọ́n omi sí i, torí òkúta gbígbẹ á fa omi inú láìmù, láìmù á sì di ìyẹ̀fun. Kí wọ́n wá fi àpòpọ̀ yìí dí àlàfo náà: láìmù NHL 3.5 (irú láìmù tó lè le nínú omi) òṣùwọ̀n 1, yanrìn oníhóró òṣùwọ̀n 2½. Tó bá ń le bọ̀, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì líle gún ojú rẹ̀, kí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má ṣe é lásìkò yìnyín.

Tí ọ̀dà onírọ́bà bá wà lára ògiri nínú yàrá, ẹ ha á kúrò, torí òun náà ń dí ọ̀nà omi. Ẹ wo ilẹ̀ ìta náà: tó bá ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, ẹ gbẹ́ ẹ sílẹ̀. Gbígbẹ ògiri lè ju ọdún kan lọ.

Ìbéèrè: Kí ni ìtumọ̀ lẹ́tà 3 àti ọdún tí wọ́n gbẹ́ sókè ilẹ̀kùn wa?

Ìdáhùn: Lẹ́tà òkè sábà máa ń jẹ́ ti orúkọ ìdílé, 2 ìsàlẹ̀ ti ọkọ àti ìyàwó. Ọdún náà lè jẹ́ ìgbà tí wọ́n tún ilé ṣe, kí ilé fúnra rẹ̀ sì dàgbà jù ú lọ.