Ṣé erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lè kó bá ọpọlọ?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 71. Bí wọ́n bá ń fi orín fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tu jáde, wọ́n sì ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹnìkan ní àrùn erìgì ló ń fa arán. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú. Ẹ má gbà pé ọjọ́ ogbó ni o! Erìgì tó dá ṣáṣá kì í ṣẹ̀jẹ̀, kì báà jẹ́ ti arúgbó. Irin tín-ín-rín kan wà tí a máa ń rọra tì bọ àárín eyín àti erìgì. Bí ó bá wọlé mìlímítà 1 sí 3, kò séwu. Bí ó bá rì tó 6, erìgì ti ṣí kúrò lára eyín nìyẹn, kòkòrò àìfojúrí sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí èèyàn bá ń jẹun, wọ́n ń gba ojú egbò yẹn wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ ti wọlé. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí ipa ọ̀kan nínú kòkòrò wọ̀nyí, Porphyromonas gingivalis, nínú ọpọlọ àwọn olóògbé tí àrùn Alzheimer, èyí tó máa ń fa arán, bá jà. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ṣe láti fi ká oró kòkòrò náà kò, èsì rẹ̀ jáde ní 2021: ìgbàgbé àwọn tó lò ó kò dẹwọ́. Ẹni tí iyè rẹ̀ ń rà náà sì lè gbàgbé láti fọ ẹnu, kí erìgì rẹ̀ tìtorí ìyẹn bàjẹ́. Àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀ lóòótọ́. Pé ọ̀kan ló bí èkejì, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ohun tó ń dùn mí ni pé tí àwọn èèyàn bá ti rí ẹ̀jẹ̀, ṣe ni wọ́n ń yẹra fún ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Kí Màmá má ṣe bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kó kan ìdí eyín dáadáa. Ìdọ̀tí eyín tó bá ti le bí òkúta níbẹ̀, orín kò ká a, omi iyọ̀ kò ká a; dókítà eyín ló ń fá a kúrò.

Ní ti ìgbàgbé, ẹ má dúró de eyín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá àti ṣúgà Màmá wò, nítorí àtọ̀gbẹ a máa ba erìgì jẹ́, a sì máa pa ọpọlọ lára. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, pàápàá oògùn oorun, tó máa ń da iyè àgbàlagbà rú. Bí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún dókítà eyín kó tó fọwọ́ kan ẹnu wọn.