Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ: Ìbọn Ológun Tó Di Ìbọn Ọdẹ

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, mẹ́rin ni mo mú, torí orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé, ìbọn tí wọ́n ṣe fún sójà tí ẹlòmíì wá sọ di ti ọdẹ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ọkọ mi, òyìnbó Texas, ló kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fi ìbọn kan sílẹ̀ fún ọkọ mi, wọ́n ní bàbá tiwọn ló gbé e bọ̀ láti ogun Jámánì. Igi ìdí ẹ̀ rẹwà, ó ń dán, wọ́n fín in wínníwínní bí igbá Ọ̀yọ́. Wọ́n kọ byf 43 sórí irin ẹ̀. Ọkùnrin kan níbi tí wọ́n ti ń tajà ìbọn sọ fún wa pé wọ́n ti bà á jẹ́, pé ká lọ ra igi ológun ká fi dá a padà sí bó ṣe wà. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Ìbejì, Houston.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ má dá a padà síbì kankan, mo bẹ̀ yín.

byf yẹn, àmì ni, Jámánì ò fẹ́ kí ọ̀tá mọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn fún wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi lẹ́tà rọ́pò orúkọ. byf ni Mauser ní ìlú Oberndorf, 43 sì ni ọdún 1943. Ká ní bcd lẹ rí ni, ti Gustloff ní Weimar nìyẹn, dot sì jẹ́ ti Brno. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì irin yẹn náà, ó yẹ kẹ́ ẹ rí Mod. 98 níbẹ̀ bí wọn ò bá tíì fi fáìlì pa á rẹ́. 98 yẹn ni ọdún 1898 tí ìjọba Jámánì gba ìbọn tí Paul Mauser ṣe, mi ò sì tíì rí irin ìbọn tí wọ́n ronú sí tó o.

Ẹ yọ bóòlùtì ẹ̀, irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn tì síwájú láti ki ọta, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọta ò sí nínú ẹ̀, ẹ fojú wò ó, ẹ tún ki ìka bọ̀ ọ́. Ẹ máa rí eyín ńlá méjì lórí ẹ̀ níwájú, àwọn ló ń há sínú irin tẹ́ ẹ bá yí i wálẹ̀, àwọn ló ń gba gbogbo agbára ẹ̀tù. Ẹ máa rí eyín kẹta lápá ẹ̀yìn tí kì í ṣiṣẹ́ kankan àfi ọjọ́ tí méjì iwájú bá kán, Paul Mauser ti ro ti ọjọ́ burúkú sílẹ̀ kó tó dé. Ẹ wá wo irin pẹlẹbẹ gígùn tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bóòlùtì, ẹnu ẹ̀ rí bí èékánná àṣá, bí ọta bá ṣe ń gòkè bọ̀ báyìí ni èékánná yẹn ti máa gbá a nídìí mú, kò ní jẹ́ kó bọ́, kò sì ní fi í sílẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fa bóòlùtì sẹ́yìn tó sì ju kòròfo ẹ̀ dànù. Ẹni tí ẹfọ̀n ń sáré bọ̀ wá bá mọ ìtumọ̀ ìyẹn dáadáa! Irin Mauser yìí ni ilé iṣẹ́ Rigby ní London lò nígbà tí wọ́n gbé ìbọn .416 tiwọn jáde ní 1911 fún àwọn ọdẹ ẹranko ńlá, òun náà ló sì wà nínú ìbọn .275 tí wọ́n fi ta ọdẹ kan tó ń jẹ́ Jim Corbett lọ́rẹ ní 1907 lẹ́yìn tó pa ẹkùn apààyàn Champawat ní India.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ti sójà ni: ní ògiri òsì irin yẹn, wọ́n gé ibì kan lákòtò. Ẹ ti àtàǹpàkò yín síbẹ̀, á wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Torí àtàǹpàkò sójà ni wọ́n ṣe gé e, kó lè fi ti ọta márùn-ún wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí ilé iṣẹ́ FN ní Belgium dìídì ṣe fún ọdẹ lẹ́yìn ogun ò ní kòtò yẹn. Ẹ wo ọ̀pá ẹ̀ náà, bó bá ń tín-ín-rín ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, ọ̀pá ológun ni wọ́n ṣì lò.

Ní ti igi yẹn, àwọn sójà Amẹ́ríkà tó gbé ìbọn bọ̀ lẹ́yìn 1945 pọ̀ jaburata, ọ̀pọ̀ ló sì fẹ́ fi ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Ìlú kékeré kan wà ní Missouri tó ń jẹ́ Warsaw, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Bishop àti ti Fajen ti ń gé igi walnut tí wọ́n á gbẹ́ díẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, onílé á wá jókòó sẹ́yìn ilé ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, á máa fi sáńdípépà ha á, á máa fi òróró pa á títí á fi dán. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ bàbá bàbá ọkọ yín gan-an ló fín ohun tẹ́ ẹ fi wé igbá Ọ̀yọ́ yẹn. Ẹni tó ní wọ́n bà á jẹ́, owó ló ń rò, òótọ́ sì ni pé èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn rárá máa ń wọ́n jù ú lọ. Àmọ́ igi àtilẹ̀wá ti lọ, tẹ́ ẹ bá wá lọ ra igi ìbọn ẹlòmíì fi wọ̀ ọ́, aṣọ àyálò lásán ni, ẹ sì ti ju iṣẹ́ ọwọ́ bàbá nù.

Ọ̀kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú fò. Kí ẹnikẹ́ni má yìn ín títí alágbẹ̀dẹ ìbọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọta tó ni ín ni 7.92 × 57, ṣùgbọ́n ọta .30-06 ló wà káàkiri Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn bá ní kí wọ́n gbẹ́ ibi tí ọta ń wọ̀ gùn sí i, kó lè gba kòròfo .30-06 tí wọ́n fẹ ẹnu ẹ̀, 8mm-06 ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ò sì kọ nǹkan kan sára ìbọn láti fi hàn. Alágbẹ̀dẹ á yọ́ irin rírọ̀ kan síbẹ̀, tó bá tutù á yọ ọ́, á wọ̀n ọ́n, òtítọ́ á sì hàn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè di irú ìbọn ológun bẹ́ẹ̀ sínú ẹrù wálé Ìbàdàn? Òǹkàwé, Maryland.

Rárá o. Òfin Nàìjíríà ò gba ìbọn ológun lọ́wọ́ aráàlú, ẹ máà gbìyànjú ẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá bàbá mi lọ ogun Bọ́mà, a ní fọ́tò wọn pẹ̀lú ìbọn. Ní kíláàbù tí mo ti ń yìnbọn sí àmì nílùú London, bàbá òyìnbó kan ní ìbọn .303 tó jẹ́ Lee-Enfield, ìbọn sójà Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò jọ ti fọ́tò. Ṣé irú ẹ̀ ni? Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham.

Àbúrò, ó ṣeé ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ ogun wa tó wà nínú ẹ̀ka 81 àti 82 ti West Africa, Lee-Enfield ni wọ́n gbé wọ igbó Bọ́mà. Èyí tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò, igi ẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ dé ẹnu ìbọn. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Parker-Hale ní Birmingham ra èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ogun, wọ́n gé igi iwájú kúrò dé ìdajì, wọ́n sì sábà máa ń yọ àpótí ọta mẹ́wàá, wọ́n á fi ti márùn-ún sí i. Ìyẹn ni kò ṣe jọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo igi ẹ̀, méjì ni, tìdí lọ́tọ̀, tiwájú lọ́tọ̀, irin ló wà láàárín wọn, Mauser kì í rí bẹ́ẹ̀. Eyín bóòlùtì ẹ̀ náà, ẹ̀yìn ló wà, kì í ṣe iwájú. Ẹ ní kí bàbá yẹn jẹ́ kẹ́ ẹ wo irin tó yí ọrùn ìdí ìbọn ká lábẹ́ bóòlùtì, bó bá jẹ́ ti àtijọ́, adé ọba á wà níbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ á tẹ̀ lé e, BSA tàbí Enfield, ọdún náà á wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e dání fúngbà díẹ̀. Bó ṣe wúwo lọ́wọ́ yín yẹn, ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ léjìká bàbá yín, torí igi tiwọn ò tíì dín kù.

Ẹ̀gbọ́n, mo ra Springfield 1903 kan, ìbọn sójà Amẹ́ríkà, ní Atlanta, wọ́n ti ṣe é bí ti ọdẹ, nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 61, díjíìtì mẹ́fà ni. Ẹnì kan ní kí n má yìn ín. Kí ló dé? Bàbá Dàmilọ́lá.

Òótọ́ ló sọ fún yín. Springfield tí nọ́ńbà ẹ̀ ò tó 800,000, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ Rock Island ṣe tí nọ́ńbà ẹ̀ ò tó 285,507, ẹ má yìn ín. Ọmọ alágbẹ̀dẹ á tètè lóye ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń fojú wo àwọ̀ irin nínú iná láti mọ̀ bó ṣe gbóná tó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, irin tó ti pọ́n jù kì í hàn bẹ́ẹ̀ lójú, wọ́n á tún máa koná mọ́ ọn, irin á jóná nínú, á wá rọrùn láti fọ́ bí ìkòkò amọ̀. Ìgbà táwọn kan fọ́ ní 1917 ni wọ́n tó wádìí ẹ̀ dáadáa, ní 1918 wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sun irin padà. Ọ̀pọ̀ ò fọ́ rí, Ààrẹ Theodore Roosevelt ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan bíi ti ọdẹ fún òun ní 1903, ó sì gbé e lọ ṣọdẹ ní East Africa ní 1909, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fojú mọ èyí tó jóná yàtọ̀ séyìí tí kò jóná, ojú yín sì sún mọ́ irin yẹn jù.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù o. Ẹ yọ bóòlùtì kúrò, ẹ tì í mọ́ ibi ọ̀tọ̀, ẹ fi òróró díẹ̀ nu irin, kí ẹnikẹ́ni má sì tún àwọ̀ irin ẹ̀ pa láró. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ wo orí ọ̀pá ẹ̀ lẹ́yìn irin ìfojúsùn iwájú, bó bá jẹ́ pé ọ̀pá ológun ṣì ni, ẹ máa rí SA, àmì bọ́ǹbù kékeré kan, àti oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀pá yẹn. Ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.