Mélòó ló máa dé? Ìdáhùn fún ẹni tó ń wá fellowship nínú ìmọ́lẹ̀ kúántọ́mù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PhD nínú físíìsì ní Nàìjíríà. Lésà ni mo fi ń yẹ omi kànga wò. Mo rí ìpolówó fellowship ọdún méjì ní Britain, lórí fífi fótónì wọn nǹkan àti fífi wọ́n ṣe ìṣirò kúántọ́mù. Mi ò fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé kí n dán an wò? Kí ni kí n kọ sínú àbá ìwádìí mi?

Ìdáhùn: Dán an wò, àbúrò mi. Ẹni tó ti ń to dígí sójú ọ̀nà lésà láti ọdún mélòó kan, tó mọ̀ pé ìtànṣán lè yẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn gbàgà, kì í ṣe àlejò ní yàrá ìwádìí wa. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló ṣòro jù láti kọ́ ènìyàn.

Ẹyọ ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń wá, bí òjò lórí páànù; ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń pè ní fótónì. Bí òjò ọ̀hún tilẹ̀ ń rọ̀ déédéé, iye ẹ̀kán tó bọ́ ní ìṣẹ́jú yìí kì í bá ti ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e dọ́gba. Tó o bá ka fótónì 10,000 láti ara lésà, ìyàtọ̀ náà á tó 100, ìyẹn 1 nínú 100. Kó tó lè wálẹ̀ sí 1 nínú 1,000, fótónì 1,000,000 lo máa kà. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kí òṣùwọ̀n tó péye ní ìlọ́po mẹ́wàá! Tó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì alààyè lò ń wò, o ti lè pa á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ìmọ́lẹ̀ tí àìdọ́gba rẹ̀ kéré sí ti lésà lásán. Láti 2019 ni LIGO, ẹ̀rọ olésà ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní kìlómítà 4, ti ń fi irú rẹ̀ tí a ń pè ní squeezed light tẹ́tí sí ihò dúdú tó ń kọlu ara wọn lójú ọ̀run.

Ti ìṣirò kò jìnnà sí i. Ní 1987, àwọn onímọ̀ físíìsì Hong, Ou àti Mandel fi hàn pé tí fótónì méjì tó jọra pátápátá bá pàdé lórí dígí tó ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, ojú kan náà ni wọ́n jọ ń gbà jáde. Knill, Laflamme àti Milburn lo ìwà yìí nínú ètò kọ̀ǹpútà onímọ́lẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2001.

Ọ̀tá iṣẹ́ méjèèjì ni ìpàdánù, ìyẹn fótónì tó sọnù lójú ọ̀nà. Jẹ́ ká jọ ṣírò. Kírísítálì gba lésà 405 nm (nánómítà, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ó sì ń bí fótónì méjì-méjì ní 810 nm. Ká ní 80 nínú 100 ló wọ fáíbà, okùn dígí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, 90 nínú 100 lára ìwọ̀nyí la dígí kọjá, tí ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n sì rí 65 nínú 100 tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. 0.8 × 0.9 × 0.65 jẹ́ 0.468. Ẹyọ kan kò tiẹ̀ ní ìdajì àǹfààní láti dé! Kí méjì jọ dé, 22 péré ni nínú 100. Mẹ́rin, kò tó 5. Squeezed light tó jáde ní 10 dB (dB ni a fi ń wọn bí àìdọ́gba rẹ̀ ṣe kéré sí ti lésà tó) á kù sí nǹkan bí 2.4 dB lópin ọ̀nà yẹn.

Àbá àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi kọ, fótónì mẹ́fà ni mo ṣèlérí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò bi mí: mélòó ló máa dé? Mi ò rí èsì fọ̀. Wọn ò gbà á, ó sì dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n òótọ́ ló bi mí.

Nítorí náà, mú ìbéèrè kékeré kan nínú iṣẹ́ tó o ti mọ̀: ohun kan nínú omi tí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń bà jẹ́ kó o tó wọ̀n ọ́n tán. Fótónì méjì ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ṣe àtẹ ìpàdánù, ibùdó kan tẹ̀ lé òmíràn, kó o sì sọ ibi tí ìpàdánù máa pọ̀ dé tí lésà lásán á fi sàn jù. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láti kọ gbólóhùn yẹn. Èmi kì í fọkàn tán àbá tí kò sí nínú rẹ̀. QuTiP, ètò orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè bá ọ ṣe ìṣirò náà lórí láptọ́ọ̀pù. Fi àtẹ ọ̀hún sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó o máa kọ sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá ìwádìí náà.

Ọ̀ràn ìwé àṣẹ ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà tó ń bọ̀ wá ṣe irú ìwádìí yìí ní Britain gbọ́dọ̀ gba ìwé ATAS, ìyẹn ìwé ìyọ̀ǹda ìjọba Britain fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, kó tó béèrè físà. Láti May 2021 ni òfin náà ti kan àwọn olùwádìí. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà béèrè àlàyé iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́ yunifásítì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́.

Tó o bá ti ṣe àtẹ náà tán, fi ránṣẹ́ sí mi. Tún ẹ̀rọ tó ń ka fótónì wò dáadáa kó o tó fi í ránṣẹ́: iye fótónì nínú 100 tí ilé iṣẹ́ kọ síwájú ìwé rẹ̀ pé ó ń rí lè jẹ́ ti àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó bá a lára mu jù, kó má jẹ́ ti 810 nm.