Ike ti pọ̀ jù nínú balùwẹ̀ wa, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Ìjẹ̀bú ní Àkúrẹ́ níbí là ń gbé, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Tí mo bá palẹ̀ balùwẹ̀ mọ́ ní Sátidé, ọ̀rá ṣampú, ike ọṣẹ olómi, ike ìpara, bùrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó, gbogbo ẹ̀ á kún bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí, bàbá wọn á wá kó o lọ sẹ́yìnkùlé á dáná sun ún, èéfín ẹ̀ á tún padà wọ yàrá wá bá wa. Mo rí i lórí fóònù pé wọ́n ń ta bùrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ọparun ṣe, àmọ́ owó ẹ̀ ju agbára wa lọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ká tó sọ̀rọ̀ ohun tẹ́ẹ máa rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá wọn kí wọ́n jáwọ́ nínú iná ike yẹn, kódà kó má jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Iná ẹ̀yìnkùlé ò lè gbóná débi tó máa jó ike tán pátápátá, èéfín ẹ̀ ló ń di májèlé, àwọn ike kan sì wà bíi PVC, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, tó jẹ́ pé májèlé kan tó ń jẹ́ dioxin ló ń jáde lára wọn téèyàn bá sun wọ́n, dioxin yìí sì lè fa jẹjẹrẹ. Inú yàrá táwọn ọmọ ń sùn sí lẹ sọ pé èéfín yẹn ń wọ̀ o! Ẹ má sì torí ìyẹn kó o dà sí gọ́tà, òjò á gbé e lọ sínú Odò Àlà, Àlà á gbé e lọ bá Ògbèsè, gbogbo wa la sì mọ bí Àlà ṣe máa ń kún wọlé onílé.

Ní ti ibi tẹ́ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ bùrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná. Àwọn dókítà eyín ní ká máa pààrọ̀ ẹ̀ lóṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀yin márààrún ò lè lò ju 20 lọ lọ́dún. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rá ṣampú 2 péré lẹ̀ ń ya lọ́sẹ̀, 104 nìyẹn lọ́dún, a ò tíì ka ti ìpara mọ́ ọn. Ọ̀rá kékeré yẹn ló tún burú jù, torí ike àti bébà onífàdákà ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, kò ṣeé yà sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn táwọn tó ń ti bárò kiri ra ike kì í fi í yà sí i rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n á gba ike ṣampú ńlá lọ́wọ́ yín. Ohun tẹ́ẹ ń jù nù lemọ́lemọ́ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń polówó lórí fóònù. Bùrọ́ọ̀ṣì ọparun yẹn gan-an, náílọ̀n ṣì ni irun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ó sì máa ń dùn mí pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí náà la ti ń wá ọṣẹ tí ò sí nínú ike kiri. Àwa la ń gbin kòkó jù ní Nàìjíríà, èèpo kòkó yẹn làwọn ìyá wa ń sun di eérú, tí wọ́n ń sẹ́ omi ẹ̀, tí wọ́n ń fi àdín sè é títí á fi di ọṣẹ dúdú. Ẹ mú abọ́ onídèérí dání látilé, ẹ lọ sí Ọjà Ọba tàbí Ìsíkàn, ẹ ní kí ìyá ọlọ́ṣẹ gé e sínú abọ́ fún yín, kó má fi náílọ̀n wé e. Wọ́n lè kọ́kọ́ wò yín bákan, ẹ má dá wọn lóhùn, tó bá yá àwọn fúnra wọn láá máa nawọ́ gba abọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrí àti àdín àgbọn, ike ìpara tó ti tán nílé lẹ máa gbé lọ bu ú.

Àmọ́ ọṣẹ dúdú le o, omi eérú inú ẹ̀ máa ń gbẹ awọ ara, tó bá sì kó sójú ọmọ á ta á gidi gan-an. Ẹ bu díẹ̀, ẹ pò ó mọ́mi nínú ike ṣampú tó ti tán, kẹ́ẹ má sì pò ju èyí tẹ́ẹ máa lò tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan lọ torí ó máa ń bàjẹ́. Tẹ́ẹ bá fi fọrí àwọn ọmọ, ẹ ṣan irun wọn dáadáa, kẹ́ẹ fi òrí díẹ̀ pa á. Èyí tára ẹ̀ bá ń yún nínú wọn, ẹ má fipá mú un, ẹ ra ọṣẹ olódindi tí wọ́n fi páálí dì fún un.

Kànìnkànìn ìbílẹ̀ náà ṣì wà lọ́jà, ẹ ṣáà máa fi kọ́ kó gbẹ. Tó bá jẹ́ scrub inú ike, ìyẹn ìpara oníhóró tí wọ́n fi ń ha ara, lẹ̀ ń lò, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, tẹ́ẹ bá rí i pé wọ́n kọ polyethylene síbẹ̀, ike wínníwínní ni wọ́n dà sínú ẹ̀, á sì bá omi ìwẹ̀ lọ sódò. Amẹ́ríkà ṣòfin pé kó kúrò nílẹ̀ ní 2015, Ìlú Ọba náà fòfin dè é ní 2018, kànìnkànìn sì ń ṣiṣẹ́ yẹn láti ayébáyé.

Ẹ má kó àwọn ike tó wà nílé dànù o, ẹ lò wọ́n tán. Bùrọ́ọ̀ṣì tó gbó, ẹ fi máa fọ ẹsẹ̀ ògiri balùwẹ̀. Bàbá wọn tó bá fẹ́ràn orín àtà, kí wọ́n rin ín láàárọ̀, kí wọ́n ṣáà fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, fọnu lálẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kúu déédéé ìwòyí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Oǹdó, àwa mẹ́rin la jọ ń lo balùwẹ̀ kan. Páàdì nǹkan oṣù ló ń kún ìdọ̀tí wa jù. Mo gbọ́ pé aṣọ kan wà tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n tún ń lò, àti kọ́ọ̀pù kan báyìí, àmọ́ ojú ń tì mí láti sá a síta. Ṣé kò léwu? – Ọmọ Oǹdó

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Páàdì ọjà, ike ló pọ̀ nínú ẹ̀, pàápàá abẹ́ ẹ̀ tí kì í jẹ́ kó jò. Èyí tí wọ́n fi aṣọ rán ò léwu tómi bá wà dáadáa: máa pààrọ̀ ẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, fi omi tútù rẹ ẹ́ torí omi gbígbóná á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ọn, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó o wá sá a sóòrùn. Má sá a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí ìtìjú, aṣọ tí ò gbẹ dénú ló ń kó àìsàn ranni, fi ìborùn fẹ́lẹ́ bò ó lórí okùn, ta ló máa mọ̀? Kọ́ọ̀pù yẹn, tí wọ́n ń fi sínú ojú ara kó lè gba ẹ̀jẹ̀, silicone ni, ohun kan tó rọ̀ bíi rọ́bà, ó lè lò tó ọdún 10, kó o máa sè é nínú omi híhó kí nǹkan oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti tó bá parí, fọwọ́ ẹ dáadáa kó o tó fọwọ́ kàn án, má sì jẹ́ kó ju wákàtí 12 lọ lára ẹ. Àmọ́ tí omi bá ń wọ́n yín níbẹ̀, páàdì ọjà ni kó o máa lò, mi ò ní torí ike ní kó o fi ìlera ẹ wewu.

ÌBÉÈRÈ: Wáìpù tá a fi ń nu ọmọ wa, inú tọ́lẹ́ẹ̀tì là ń dà á sí. Ṣé ìyẹn ò sàn ju bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí lọ? – Bàbá Ìkókó, Àlàgbàkà

ÌDÁHÙN: Rárá o, sà. Polyester, irú ike kan, wà nínú púpọ̀ nínú wáìpù, kì í yọ́ sómi bíi tíṣù, páìpù ló máa dí, tó bá sì ríbi kọjá á lọ kún sókàwéè fún yín. Ẹ gé aṣọ òwú tó ti gbó tó sì rọ̀ wẹ́wẹ́, kẹ́ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọmọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Wáìpù tó ṣẹ́kù nílé, ẹ tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ tẹ́ẹ bá gbé ọmọ rìnrìn àjò, kẹ́ẹ sì kó èyí tẹ́ẹ bá lò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí.