Mo fẹ́ kọ́ èdè Sípéènì lórí fóònù: ṣé dandan ni kí Gẹ̀ẹ́sì mi dára?

ÌBÉÈRÈ: Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Valencia ní Sípéènì ni ọkọ mi ń gbé, mo sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá a. Ìbàdàn ni mo wà, aṣọ ni mo ń tà. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì lórí fóònù kí n tó lọ, ṣùgbọ́n gbogbo tísà tí mo ń rí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò sì já geere. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ tún un kọ́ ni? Kí lẹ sì máa ń ṣe pẹ̀lú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tún Gẹ̀ẹ́sì kankan kọ́ nítorí èyí. Àwọn ọmọ Yorùbá ni mo ń kọ́ ní èdè Sípéènì lórí Zoom, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé, tí mo ti sọ ẹni tí mo jẹ́, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e lẹ́nu mi ni pé etí Yorùbá tó gbé wá ti bá wa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú, tó wá ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Sípéènì.

Ẹ wo fáwẹ́lì wọn. Márùn-ún péré ni: a, e, i, o, u, bí wọ́n sì ṣe ń pè é kò jìnnà sí tiwa rárá. Ìró v àti z tó máa ń yọ wá lẹ́nu nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò ní bá wọn pàdé níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń kọ lẹ́tà méjèèjì. Ìró kan náà ni v àti b: "vivo", ìyẹn mò ń gbé, "bíbo" ni yóò dún létí yín. Àní Valencia fúnra rẹ̀, b ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu. C inú rẹ̀ àti z, wọ́n máa ń yọ ahọ́n díẹ̀ sáàárín eyín pè é níbẹ̀. Bí s ni àwọn ará Kúbà àti Kòlóńbíà ń pè é. Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ mú, wọn yóò gbọ́ yín.

Ibi tí mo ti máa ń dúró pẹ́ jù ni àmì orí ọ̀rọ̀. "Hablo" ni mò ń sọ̀rọ̀. "Habló" ni ó sọ̀rọ̀, ẹlòmíì, nígbà tó ti kọjá. H kì í dún. Ohùn wọn kì í ṣe ohùn tiwa, torí agbára ni wọ́n ń fi sí ìró kan nínú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n létí Yorùbá, ìró yẹn a máa dún bí ohùn òkè. Nítorí náà, mo máa ń kọ ọ́ sójú Zoom báyìí: "áblò", "àbló". Ẹni tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kì í pẹ́ gbọ́ ọ rárá. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí fáwẹ́lì, n tàbí s, ìró tó ṣáájú ti ìkẹyìn ló ń gba agbára. Bó bá parí sí lẹ́tà mìíràn, ti ìkẹyìn ni. Èyí tí kò bá tẹ̀ lé òfin yìí ni wọ́n ń fi àmì sí lórí. Ẹ tún ṣọ́ra fún p. "Papá" ni wọ́n ń pe bàbá, kò gbọdọ̀ dún bíi pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ di ètè bíi pé ẹ fẹ́ pe b, kẹ́ ẹ tú u láìsí ohùn nínú ọ̀fun.

Iṣẹ́ ńlá ṣì wà o. Mò ń ṣiṣẹ́, ò ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́: tiwa kì í yí padà. Tiwọn ń yí: trabajo, trabajas, trabaja. Gbogbo nǹkan ló tún ní akọ tàbí abo. Abo ni tábìlì, "la mesa". Akọ ni ìwé, "el libro". Èyí tó bá parí sí a sábà máa ń jẹ́ abo, síbẹ̀ "el problema" ni wọ́n ń sọ. Ọwọ́ tó parí sí o, "la mano" ni. Ẹ má ṣe há orúkọ nǹkan kankan sórí láìsí "el" tàbí "la" rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo máa ń béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, torí ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Tiyín ì bá jẹ́ ọjà aṣọ: "la tela", aṣọ tí a kò tíì rán; "la camisa", ṣẹ́ẹ̀tì; "el vestido", gáùn. Èmi ni oníbàárà, màá bi yín pé, "¿Cuánto cuesta?", ìyẹn èló ni? Ẹ̀yin náà ó ní, "Diez euros el metro", yúrò mẹ́wàá ni mítà kan. Ká tó jáde, ẹ ti tajà lédè Sípéènì. Kíláàsì tí tísà bá ti dá sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, owó yín ló ń ṣòfò.

Ẹ ó tún kọ́ "tú", ìyẹn ìwọ, àti "usted". "Usted" súnmọ́ ẹ̀yin ọ̀wọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹni kẹta ló sì ń tẹ̀ lé e: "usted trabaja". Àwa Yorùbá máa ń fẹ́ lò ó fún gbogbo ẹni tó bá jù wá lọ, ṣùgbọ́n ní Sípéènì, wọn kì í pẹ́ bọ́ sí "tú", kódà pẹ̀lú tísà. Ẹ fi "usted" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbàlagbà àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lo "tú", kì í ṣe àfojúdi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ẹ̀rí dẹ́rù bà yín nísinsìnyí. DELE ìpele A2, ìyẹn ìdánwò èdè Sípéènì, pẹ̀lú CCSE, ìdánwò lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ náà, ẹni tó fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ Sípéènì ló wà fún, ọdún 10 ni ọmọ Nàìjíríà sì sábà máa ń gbé níbẹ̀ kó tó lè béèrè. Tẹ́ ẹ bá dé Valencia, ẹ béèrè ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí ìjọba ń bójú tó, wọ́n máa ń kọ́ àlejò ní èdè. Ẹ ó rí àkọlé ní èdè mìíràn níbẹ̀ pẹ̀lú, valencià ni, èdè ìjọba lòun náà ní àgbègbè yẹn, àwọn ọmọ yín yóò sì bá a pàdé nílé ìwé.

Fún kíláàsì, fóònù yín tó. Ẹ ra íápíìsì tó ní ẹnu tí a ń sọ̀rọ̀ sí. Bí dátà bá kéré, ẹ pa fídíò tiyín, ẹ jẹ́ kí tísà tan tirẹ̀, torí ó yẹ kẹ́ ẹ rí ẹnu rẹ̀. Láàárín kíláàsì méjì, ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó máa tún un ṣe fún yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá ó ń gba irú ohùn bẹ́ẹ̀, àti bóyá yóò gbà kẹ́ ẹ fi Yorùbá béèrè ìbéèrè.